Páìpù Kẹta Kò Gbóná: Bí A Ṣe Jí Honda CB750 Bàbá Dìde ní Àkúrẹ́

Adìyẹ ti pamọ sórí ìjókòó maṣíìnì náà rí. Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo dé Òde Òǹdó láti wá gbé e, bí ẹni pé ó yẹ kí n mọ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n láti kékeré, Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Honda CB750 ni, ti ọdún 1976. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ di olú ìlú, iṣẹ́ sì pọ̀ fún àwọn awọnlẹ̀. Awọnlẹ̀ ni Bàbá. Orí maṣíìnì yìí ni wọ́n ti ń jí lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n á sì ti dé ibi iṣẹ́ kí bọ́ọ̀sì àwọn yòókù tó kún ní gáréèjì. Wọ́n ní ojú ló mú kí àwọn pa á tì. Wọ́n tì í wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi aṣọ ìbora bò ó, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Èmi, ọ̀kadà ni mò ń tún ṣe, lójú ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Bajaj, Jincheng, TVS, ẹ gbé e wá lóru, màá tú u láìtan iná. Ìyẹn ni mo gbójú lé tí mo fi sọ fún Bàbá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù márùn-ún ló gbà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni mò ń kọ èyí fún, torí ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀kadà gan-an ló ń ṣì mí lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú nǹkan tó jẹ́. Kí Honda tó gbé CB750 jáde ní 1969, maṣíìnì ńlá túmọ̀ sí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì: Triumph, BSA, sílíńdà méjì, ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí. Honda to sílíńdà mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 736 cc lápapọ̀, agbára ẹṣin 67, ó fi bíréèkì onípéréètì síwájú àti sítáátà oníbọ́tìnnì sí i, ó ń sáré tó 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dick Mann fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Daytona 200 ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kadà 125 tí a ń gùn lónìí, agbára ẹṣin mọ́kànlá ni, bí ó bá tilẹ̀ pé.

Ọ́ìlì

Ọ́ìlì ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ni ọ́ìlì ọ̀kadà ń gbé. CB750 ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, lápá ọ̀tún lábẹ́ ìjókòó. Póòǹpù kan ń fa ọ́ìlì láti ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnì, èkejì ń kó èyí tó bá ṣàn sísàlẹ̀ padà sí táǹkì. Mo fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, ó gbẹ. Mo ní ọdún mẹ́sàn-án ti mu ún tán. Mo da lítà méjì sí i títí ó fi kan àmì òkè, mo so bátìrì mọ́tò mọ́ ọn, mo fọ́n bẹntiróòlù díẹ̀ sí ẹnu kabúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kàn fẹ́ gbóhùn rẹ̀ ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ó dún lóòótọ́. N kò tíì ka oókan dé ẹẹ́wàá tí ọ́ìlì dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú rọ́bà tí ẹ́ńjìnì fi ń mí. Ó ṣàn gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó gba abẹ́ tábìlì ìyá oníbúrẹ́dì tó wà níwájú wa, ó sì bá àpótí tí wọ́n gbé sílẹ̀ níbẹ̀.

"Mẹkáníìkì! Ṣé o fẹ́ dáná sun wá ni?"

"Ẹ máà bínú, Mà. Ọ́ìlì lásán ni, kì í ṣe epo."

"Ọ́ìlì lásán! Ìwọ ni wàá ra gbogbo búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ yìí."

Mo rà á. Mẹ́rin ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí maṣíìnì yìí bá dúró pẹ́, ọ́ìlì inú táǹkì máa ń rọra jò gba inú póòǹpù lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Kò sọnù. Mo ti da lítà méjì lé ọ́ìlì tó pé tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì sì yí, póòǹpù kó gbogbo rẹ̀ sókè, táǹkì kún àkúnya. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, ẹ pa á, kí ẹ tó wo ọ̀pá ìwọ̀n. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, nọ́ọ̀tì méjì lẹ ó tú, ti táǹkì àti ti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Lítà 3.5 ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Èyí tí mo gbè nínú abọ́ lọ́jọ́ náà, yàtọ̀ sí èyí tí búrẹ́dì ti mu, lé ní mẹ́rin. Ọ́ìlì maṣíìnì 20W-50 ni mo dà padà, kì í ṣe ti mọ́tò, nítorí inú ọ́ìlì kan náà ni kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń wẹ̀, òmíràn nínú ọ́ìlì mọ́tò tòde òní sì máa ń jẹ́ kí kúlọ́ọ̀ṣì yọ̀.

Táǹkì àti kabúrétọ̀

Táǹkì epo ti dípẹtà nínú. Lítà 17 ló ń gbà. Mo kó ṣéènì ọ̀kadà àlòkù àti kẹrosíìnì sínú rẹ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi gbọ̀n ọ́n títí apá fi ń ro wá, a wá da fínígà kún un, ó sì sùn ọjọ́ méjì. Omi kàún ni mo fi ṣan án gbẹ̀yìn, torí bí kíkan fínígà bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, ìpẹtà tuntun á ti yọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kàún tí wọ́n fi ń se ewédú náà ni. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe títí ó fi rí i bó ṣe ń hó nínú táǹkì.

Kabúrétọ̀ mẹ́rin ni, sílíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Bẹntiróòlù ọdún mẹ́sàn-án ti dì nínú abọ́ wọn bí oje igi. Jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ́ ẹ́ńjìnì nígbà tó bá wà ní sílóò, ìyẹn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó yí ọwọ́ epo, nọ́ńbà 40 ni wọ́n kọ sí i lára, ihò rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà. Mo mọ àwọn tó ń ki wáyà bọ irú ihò bẹ́ẹ̀. Idẹ rọ̀. Wáyà á fẹ̀ ẹ́, maṣíìnì á sì máa mu epo láti ọjọ́ náà lọ. Rírẹ, fífẹ́, àti fọ́nrán okùn ìpẹja tó tín-ín-rín ni mo fi la mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ṣe gíga fúlóòtì, ohun tó ń léfòó nínú abọ́ wọn láti dá epo dúró, sí mìlímítà 26, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rúlà.

"Ẹ tì í"

Bátìrì tuntun kò tíì dé láti Èkó nígbà tí mo to kabúrétọ̀ tán. Èyí tí mo yá ti rọ. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá ní kò sí wàhálà, àwọn á tì í. Mẹ́rin nínú wọn tì í dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n tún tì í padà gòkè, àágùn bò wọ́n. Kò tilẹ̀ wúkọ́.

Ọ̀kadà lè dìde láìsí bátìrì nítorí mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀: ó ti yí, iná ti dé. Ọ́tanétọ̀ CB750, ohun tó ń ṣe iná fún un, kò ní mágínẹ́ẹ̀tì kankan. Kọ́ìlì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, bátìrì ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún kọ́ìlì náà níná kí òun náà tó lè ṣe iná jáde. Bí bátìrì bá ti kú pátápátá, ẹ tì í dé Ọ̀wọ̀, ẹ ó kàn rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ríwáyà tó wà lódìkejì títì ló là á yé mi. Wọ́n tún sọ fún mi pé ní sílóò, ọ́tanétọ̀ yìí kì í ṣe iná tó maṣíìnì ń jẹ. Bátìrì ló ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi fún un níná, ìyẹn ni pé kí ẹ yí ọwọ́ epo. Nítorí náà ni mo ṣe yọ gílóòbù iwájú àtijọ́, mo fi LED sí i. Bàbá kò fẹ́ràn àwọ̀ iná náà. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Páìpù kẹta

Bátìrì dé, sítáátà yí, ẹ́ńjìnì dìde. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dán. Ó ń kọsẹ̀ bí ẹni tí bàtà rẹ̀ tóbi jù.

Kò sẹ́ni tó kọjá tí kò dá sí i. Ẹni tó ń ta pààtì ní kabúrétọ̀ ni. Fókánàísà ní kabúrétọ̀ ni. Ọkùnrin kan tó wá tẹ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lásán dúró, ó fetí sí i, ó mi orí: kabúrétọ̀. Èmi náà tún tú kabúrétọ̀ sílẹ̀, nígbà tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣòfò.

Lọ́jọ́ kẹrin mo bu omi sínú ife, mo fi ìka wọ́n ọn sórí páìpù èéfín ní ibi tó ti jáde lára ẹ́ńjìnì, láti apá òsì wá. Àkọ́kọ́: ṣáà! Ìkejì: ṣáà! Ẹ̀kẹta: omi jókòó síbẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò, ó ń dán, ó sì ń rọra ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ìkẹrin: ṣáà! Mo di páìpù kẹta mú. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi sì wà lára páìpù rẹ̀, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán.

Kọ́ìlì méjì ló ń fún púlọ́ọ̀gì níná lára maṣíìnì yìí. Ọ̀kan ń fún sílíńdà kìíní àti ìkẹrin níná pọ̀, èkejì ń fún ìkejì àti ẹ̀kẹta. Bí ìkejì bá ń jó, kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì wọn (irin kékeré tó ń ṣí tó ń padé láti já iná) kò lè burú. Mo pààrọ̀ ipò púlọ́ọ̀gì, òtútù kò kúrò ní ẹ̀kẹta. Mo pààrọ̀ fìlà púlọ́ọ̀gì náà, kò kúrò. (Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ rọrùn: NGK D8EA ni, Honda CG125 náà ń lò ó, kò sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀kadà ní Àkúrẹ́ tí ẹ kò ti ní rí i. Mìlímítà 0.6 sí 0.7 ni kí ẹ fi àlàfo rẹ̀ sí. Nínú gbogbo nǹkan tí maṣíìnì yìí béèrè lọ́wọ́ mi, òun nìkan ni mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ rà.)

Ó ku géèjì kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n, èyí tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Mo yá a lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń tún mọ́tò ṣe. Sílíńdà kìíní 145 PSI, ìkejì 140, ìkẹrin 145. Ẹ̀kẹta: 60. Mo da ọ́ìlì díẹ̀ gba ihò púlọ́ọ̀gì sínú rẹ̀, mo tún un wọ̀n. Bí ríìngì ara písítìn bá ni, ọ́ìlì á dí i, nọ́ńbà á sì gòkè. Kò kúrò ní 60. Fáàfù ni.

Mo ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ibi tí a ti ń ṣe àtúnṣe àlàfo fáàfù. Lójú tútù, fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ń fẹ́ àlàfo mìlímítà 0.05, èyí tó ń tú èéfín jáde ń fẹ́ 0.08. Èyí tó kéré nínú wọn kò nípọn ju irun orí ẹyọ kan lọ, ẹ kò lè fojú wò ó, ẹ kò sì lè fetí mọ̀ ọ́n. Ẹ yí ẹ́ńjìnì dé àmì T 1.4 nígbà tí sílíńdà kìíní bá wà lókè pẹ̀lú fáàfù rẹ̀ méjèèjì ní pípadé: ẹ lè wọn méjèèjì ti ìkíní, èéfín ti ìkejì àti afẹ́fẹ́ ti ẹ̀kẹta. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wọn ìyókù. Méje nínú mẹ́jọ dára tàbí kí wọ́n ṣe é dárí jì. Ti èéfín sílíńdà kẹta, fílà géèjì, abẹ irin tí a fi ń wọn àlàfo, èyí tó fẹ́lẹ́ jù lọ kò wọ̀ ọ́. Ẹnìkan ti há a pa.

Fáàfù tí kò ní àlàfo kì í padé tán. Iná á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, á sì máa jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí ààrò.

Mo tẹ Bàbá láago. Mo ní ẹnì kan ti fọwọ́ kan tápẹ́ẹ̀tì, ṣé wọ́n rántí mẹkáníìkì tó ṣe é gbẹ̀yìn?

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin, Bàbá?"

"Ó ń dún ṣákáṣákà níbì kan. Mo fi sukúrú-díráífà sí i, mo gbé etí lé e, mo gbọ́ ọ pé ibẹ̀ ni. Mo há a. Ariwo náà sì lọ." Wọ́n tún dákẹ́. "Lẹ́yìn ìyẹn ni kò fẹ́ gun òkè Ìdànrè mọ́. Mo rò pé ogbó ni."

N kò mọ ohun tí mo lè fi fèsì. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.

Ẹ́ńjìnì bọ́ sílẹ̀

Mo tú tápẹ́ẹ̀tì náà sí 0.08. Kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n gòkè dé 85, ó dúró síbẹ̀. Ẹnu fáàfù ti jẹ. Ó di dandan kí orí ẹ́ńjìnì ṣí.

Nínú ọ̀kadà, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan nìyẹn. Nínú CB750, férémù gba orí ẹ́ńjìnì kọjá pẹ́kípẹ́kí débi pé kò sí àyè láti gbé orí náà sókè. Gbogbo ẹ́ńjìnì ló gbọ́dọ̀ jáde. Èmi, ọmọ iṣẹ́ mi àti ọlọ́kadà méjì la gbé e, lápá ọ̀tún, lórí táyà mọ́tò mẹ́ta tí a tò jọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà náà ní ẹ́ńjìnì nìkan wúwo ju ìyàwó òun lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má sọ bẹ́ẹ̀ délé.

Mo fi wáyà so ṣéènì inú rẹ̀ mọ́ ìta ẹ́ńjìnì kí ó má bàa jábọ́ sínú, mo tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìta wá sí àárín. Nígbà tó ṣí, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Fáàfù mẹ́ta tó ń tú èéfín ní àwọ̀ eérú, ó mọ́. Èyí tó kù, ti sílíńdà kẹta, dúdú lápá kan, ẹnu rẹ̀ sì ṣẹ́ ihò wẹ́wẹ́ bí ẹnu ìbọn àtijọ́, àmọ́ kò tíì fọ́, kò tíì tẹ̀. Mo fi péésìtì ìlọ fáàfù lọ̀ ọ́ mọ́ ìjókòó rẹ̀, líle kọ́kọ́, kíkúnná tẹ̀ lé e, ọ̀pá àti rọ́bà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni ń dáná Ṣàngó, títí òrùka aláwọ̀ eérú kan ṣoṣo fi yí i ká láìjá níbì kankan. Mo da kẹrosíìnì sínú ihò rẹ̀, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo dé, kò sí ẹ̀kán kan tó jò.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Níwọ̀n bí ẹ́ńjìnì ti wà nílẹ̀, mo lọ fáàfù méje yòókù, mo pààrọ̀ síìlì wọn, mo sì fi sáńpépà nu ẹ́ńjìnì títí ọmọ iṣẹ́ mi fi ń rí ojú ara rẹ̀.

Òun náà ló gba iṣẹ́ yìí là. Nígbà tí a fẹ́ dá orí padà, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti wà nílẹ̀, nọ́ọ̀tì ti wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni èyí?" Nǹkan kékeré kan bí ìlẹ̀kẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, rọ́bà róbótó yí i lọ́rùn. Ó bá a nínú abọ́ kẹrosíìnì. Àyà mi já. Méjì irú rẹ̀ ló máa ń wà lórí sílíńdà, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà gòkè lọ bá káàmù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Bí a bá dé orí láìsí i, ọ́ìlì á máa jò gba ẹ̀gbẹ́, èyí tó yẹ kó lọ sókè kò sì ní rí bó ṣe yẹ. Mo fi rọ́bà tuntun sí méjèèjì, mo tẹ̀ wọ́n sáyè wọn, mo sì ra súyà fún ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

A dá ẹ́ńjìnì padà sínú férémù ní ọjọ́ Sátidé. Kí n tó fọwọ́ kan sítáátà, mo fi sípánà yí i yípo mẹ́rin lọ́wọ́, kó dá mi lójú pé fáàfù kò kan písítìn. Kọ́ńtáàtì: àlàfo 0.35. Mo fi gílóòbù kékeré kan wo ìgbà tí iná ń já: ti ìkíní àti ìkẹrin ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe, nípa yíyí péréètì ńlá, kí ẹ tó ṣe ti ìkejì àti ẹ̀kẹta lórí péréètì kékeré tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ti ìkejì àti ẹ̀kẹta ṣáájú, iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí pé mo ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n sílíńdà kẹta: 140.

Okùn dríìpù mẹ́rin

Kabúrétọ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ ṣí bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan á máa fa èkejì. Géèjì tí wọ́n ń lò fún un kò sí ní àrọ́wọ́tó mi. Mo ra okùn dríìpù mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó tà á bi mí pé ta ni ara rẹ̀ kò yá. Mo ní maṣíìnì ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo lu ihò mẹ́rin sí ìdérí ìgò, mo ki okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo àlàfo kí afẹ́fẹ́ má rí àyè wọ inú ìgò. Ìdídí yẹn ni àṣírí rẹ̀. Bí ìgò bá ṣí, ẹ́ńjìnì á fa ọ́ìlì mu lójú ẹsẹ̀. Táánà gbẹ́ ẹnu idẹ kéékèèké mẹ́rin fún mi, mo fi wọ́n sí ihò sukúrúù tó wà lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà, mo so okùn mọ́ wọn, mo sì kàn wọ́n mọ́ pátákó gígùn kan.

Ẹ́ńjìnì dìde, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gun okùn. Sílíńdà tó ń fà jù lọ gbé tirẹ̀ lékè, àwọn tó kù rẹlẹ̀. Mo fi sípánà kékeré yí sukúrúù kabúrétọ̀ kejì bíńtín, ìlà kejì sọ̀ kalẹ̀, ìkẹrin gòkè láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Ó jọ ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n ń fa aṣọ ìbora mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó gbà mí tó wákàtí kan àtààbọ̀, pẹ̀lú fáànù tí mo gbé síwájú ẹ́ńjìnì kí ó má bàa gbóná jù. Nígbà tí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò ní gbọọrọ, ohùn rẹ̀ yí padà. Ìyá oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. "Ó ti sùn," ni wọ́n wí, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ti ń ké láti àárọ̀.

Bíréèkì iwájú: apá tó gbé kálípà dúró ti dípẹtà mọ́ ojú ibùdó rẹ̀, bíréèkì sì ń mú láì jọ̀wọ́. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo fi gíríìsì sí i, mo pààrọ̀ rọ́bà àti òróró. Ẹ̀kán òróró bíréèkì kan bọ́ sórí kíkùn táǹkì, ó sì jẹ kíkùn náà dé irin kí n tó rí i. Táyà, 3.25-19 níwájú àti 4.00-18 lẹ́yìn, bọ́ọ̀sì ló gbé wọn wá láti ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó.

Ojú ọ̀nà

Ìdànrè ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, ní kùtùkùtù, ọyẹ́ ṣì bo orí àpáta. Mo ra lítà mẹ́jọ péré. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń kún táǹkì maṣíìnì ìgbádùn mọ́. Jíà kẹta, n kò kọjá ìyípo ẹ́ńjìnì 5,000 ní ìṣẹ́jú kan lórí géèjì, torí fáàfù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kò fẹ́ wàhálà. Síbẹ̀, níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọ̀kadà máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí jíà kejì tí á máa kérora, èyí kàn ń gòkè lọ ni, bí ẹni tí wọ́n ń fi okùn fà. Nígbà tí mo dúró, mo fi mítà wọn bátìrì: fóòtì 14.3 ní 5,000, 12.2 ní sílóò. Ẹ̀gbọ́n ríwáyà kò parọ́. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo jẹ́ kó tutù mọ́jú, mo wọn tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Méjì ti yí díẹ̀. Mo tún wọn ṣe.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo gbé e lọ sí Òde Òǹdó. Bàbá ti jókòó síta kí n tó dé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti Yaba, àdúgbò kan nínú Òǹdó níbẹ̀. N kò pa ẹ́ńjìnì. Wọ́n dìde, wọ́n mú ife omi tí wọ́n ń mu lọ́wọ́, wọ́n fi ọwọ́ wá páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá òsì, láìfi ara kàn án, títí wọ́n fi dé ẹ̀kẹta. Wọ́n da ìyókù omi náà sí i.

Ṣáà!

Wọ́n gbé ife fún ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n ní kí n sún síwájú. Wọ́n gun ẹ̀yìn, wọ́n di bẹ́líìtì mi mú, a sì kọrí sí ojú ọ̀nà Àkúrẹ́. Mò ń rọra lọ nítorí ọjọ́ orí wọn. A kò tíì kúrò nílùú dáadáa tí wọ́n fi ìka kan èjìká mi.

"Ṣé gbogbo iná tó ní nìyẹn?"

Fọ́ọ̀kì òsì ṣì ń jo ọ́ìlì. Síìlì rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.